Ìràwọ̀ Kẹta Tí Mo Rí ní Ìgàndò

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Èmi Sàkàrìyáù, olùkọ́ físíìsì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, ni mo dìde láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí mo ní mo ti rí ìràwọ̀ kan tí ojú ọmọ ènìyàn kankan kò rí rí. Gúgúrú ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ń kéde rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Olùkọ́ ìṣirò ní kí n fi orúkọ ara mi sọ ọ́. Mo ní rárá o, pé ìgbéraga kò dára, ṣùgbọ́n kí n tó délé mo ti kọ "Ìràwọ̀ Sàkàrìyáù" sẹ́yìn ìwé kan láti wo bí yóò ṣe rí lójú. Ó wù mí gan-an.

Ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣe oyè másítà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Àwọn tí a jọ wọlé ti gboyè tán. Méjì wà ní Kánádà. Ọ̀kan ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba, ó sì máa ń fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Èmi nìkan ni mo kù. Lẹ́tà tí yunifásítì kọ sí mi kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀: kí n wá dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ oṣù Júùnù, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí n kò bá wá, tàbí bí iṣẹ́ mi kò bá dúró, wọn á yọ orúkọ mi kúrò. Ọdún méje tí Àdíját ìyàwó mi ti ń dá bùkátà ilé gbé ní gbogbo Sátidé nítorí pé mo lọ kíláàsì á di òfo.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń mú un ṣòro kí àwọn ènìyàn lè bọ̀wọ̀ fún mi. Ìràwọ̀ méjì kan wà tí wọ́n ń yí ara wọn po. Wọ́n jìnnà débi pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ojú wa ń rí. Nígbà tí ọ̀kan bá bọ́ síwájú èkejì, ìmọ́lẹ̀ tí ń dé ọ̀dọ̀ wa á dín kù fún wákàtí mélòó kan. Ìyẹn ni ìṣíjibò. Nínú ìyípo kan, méjì ni a máa ń rí: ńlá kan, kékeré kan. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń tọ̀ kò rí róbótó. Ó gùn bí ẹyin, ẹyin náà fúnra rẹ̀ tún ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ó ń yí ni pé ọ̀kan nínú ìṣíjibò méjèèjì á máa ṣáájú àkókò tí a retí rẹ̀, èkejì á máa pẹ́ kọjá tirẹ̀. Àwọn ará òkè òkun ti ń kọ àkókò ìràwọ̀ méjì yìí sílẹ̀ láti bí ogójì ọdún. Tèmi ni pé kí n wo ti ọdún yìí, kí n fi kún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní làákàyè á ti parí rẹ̀ lọ́dún méjì.

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ ni mo fi ń ṣe é, lókè ilé tí a ń gbé ní Ìgàndò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Bátìrì kékeré inú kámẹ́rà náà, èyí tó yẹ kó máa rántí àkókò, ti kú kí n tó rà á. Nígbàkígbà tí mo bá tan kámẹ́rà, á béèrè lọ́wọ́ mi pé ọjọ́ wo nìyí, aago mélòó ló lù. Màá wo aago ara ògiri ní pálọ̀, màá tẹ ohun tí mo rí sí i, màá gun òkè lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò wo fóònù. Ìbéèrè tó dára ni, ẹ ò sì ní gbádùn ìdáhùn rẹ̀. Aago ara ògiri yẹn, ti Jàfárù bàbá mi ni. Ládàánì ni bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, aago yẹn ló ń wò kó tó pe ìrun. Kọ́kọ́rọ́ ni a fi ń lọ́ ọ, kò mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Nígbà tí mo rí i pé fóònù mi kò bá a mu mọ́, mo bínú sí fóònù. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa ló ń fà á sẹ́yìn. Mo yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ àkókò aago bàbá mi sí i. Nígbà tí oṣù tún yí, ó tún ti fi ìṣẹ́jú méjì ṣìnà. Mo tún tún un ṣe. Oṣooṣù ni mo ń tún fóònù ṣe, mo sì ń ṣépè fún àwọn tó ṣe é.

Láàárín oṣù wọ̀nyẹn náà ni mo di ẹni tí ń tètè dé ibi iṣẹ́. Èmi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ti máa ń dúró dè ní géètì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo wá ń dé kí géètì tó ṣí. Mo gbà pé àgbà ló ń dé. Mo tilẹ̀ pe àwọn olùkọ́ tí ọjọ́ orí wọn kéré jókòó, mo kọ́ wọn ní bí ènìyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Aago ilé ẹ̀kọ́ ń fà sẹ́yìn sí tèmi lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, ìjọba ló rà á.

Èyí tó burú jù ni ti oṣù Máàṣì. Mo lọ bá Yésúfù, ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, mo ní ó ń sùn jù. Mo ní Àsùbáà tó ń pè ti ń fi ìṣẹ́jú méjìlá pẹ́, pé bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí títí. "Tíṣà," ó ní, "kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa." Mo gbà pé ẹ̀bi rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́.

Ní ti ìràwọ̀ mi, ohun tí mo rí ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Ìṣíjibò ńlá ń pẹ́. Kékeré náà ń pẹ́. Àwọn méjèèjì sì ń pẹ́ sí i lóṣooṣù. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá yá, ó yẹ kí èkejì falẹ̀ ni. Mo ṣí ìwé, ìwé ní bí àwọn méjèèjì bá jọ ń pẹ́ pọ̀, ó lè jẹ́ pé ìràwọ̀ kẹta kan wà nítòsí tí a kò rí, tó ń fa àwọn méjèèjì kiri. Mo pa ìwé dé. N kò ka ojú ewé tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ yẹ aago rẹ̀ wò. Ọjọ́ kejì ni mo jẹ gúgúrú tí mo sì kéde.

Dókítà Ọdẹ́tọ́lá ni alábòójútó iṣẹ́ mi. Obìnrin náà fi ọdún mẹ́fà kéré sí mi, ó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn ló máa ń dùn mí jù. Ní Tọ́sìdeè tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, mo tẹ́ àwòrán iṣẹ́ mi sórí tábìlì rẹ̀. Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ọ̀gbẹ́ni Sàkàrìyáù, kí lẹ rí níbí?"

"Ìràwọ̀ kẹta ni, Dókítà."

"Àtẹ̀gùn lèmi rí o." Ó fi bírò tọ́ ọ. "Ẹ wò ó. Ó lọ pẹrẹsẹ, ó fò sókè. Ó lọ pẹrẹsẹ, ó fò sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Gbogbo ìgbà tó ń fò yìí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni. Ìràwọ̀ wo ló mọ̀ pé oṣù tuntun ti wọlé ní Nàìjíríà? Àbí òun náà ń retí owó oṣù ni?"

Mo ní bóyá agbára ìràwọ̀ kẹta náà ló ń wá ní díẹ̀díẹ̀.

"Aago wo lẹ ń lò?"

"Ti bàbá mi."

Dókítà fi bírò náà sílẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè yẹn kì í ṣe èmi. Tẹ́ ẹ bá gbé àtẹ̀gùn yìí síwájú wọn, iṣẹ́ ọdún méje ti lọ nìyẹn, mi ò sì ní lè sọ nǹkan kan."

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ́, mo fura sí kámẹ́rà, mo fura sí ọyẹ́, mo fura sí àwọn ará òkè òkun tí wọ́n ti ń kọ àkókò sílẹ̀ kí n tó gboyè àkọ́kọ́. Aago bàbá mi nìkan ni n kò fura sí. Àfi ní ìdájí Sátidé, nígbà tí Yésúfù pe ìrun, mo wo ara ògiri, mo kọ ohun tí mo rí sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gba mọ́ṣáláṣí lọ. Lẹ́yìn ìrun, mo bá a níbi tó ti ń ká ẹní.

"Yésúfù, aago mélòó lẹ pè é láàárọ̀ yìí?"

Ó sọ ọ́. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló wà láàárín àwa méjèèjì.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ wo fóònù mi. Ẹ wo tọwọ́ mi yìí. Ẹ wo ti ara ògiri yẹn. Ṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sùn jù ni?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá dára ká ní ó fi mí ṣe é. Mo tọrọ àforíjì níwájú àwọn bàbá mẹ́ta tí kò tíì lọ, mo sì bọ́ sí ọ̀nà ilé.

Àdíját ti jókòó sídìí ẹ̀rọ nígbà tí mo dé. Aránṣọ ni, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń rán jù, iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Gbogbo Ìgàndò mọ̀ ọ́n sí aránṣọ tí ń sọ Wẹ́sìdeè tó sì ń jẹ́ Wẹ́sìdeè.

"Ìyá Hamdalah, ta ló ń fọwọ́ kan aago bàbá mi?"

Kò gbójú sókè. "Èmi ni mò ń lọ́ ọ ní gbogbo Jímọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bá yín ṣe é. Ẹ ní iṣẹ́ ìràwọ̀ ò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè."

Òótọ́ ló sọ. Èmi tí mò ń wá àkókò ìràwọ̀ kiri, n kò ráyè lọ́ aago.

"Ṣé lílọ́ nìkan lò ń lọ́ ọ?"

Ẹ̀rọ dúró. "Mo máa ń sún un síwájú díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ìṣẹ́jú méjì, ní Jímọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Tó bá ti mọ́ yín lára, màá tún sún un." Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn. "Mo rí kwẹ́rì méjì tí ọ̀gá yín fún yín lọ́dún tó kọjá. Inú àpò ṣòkòtò tí mò ń fọ̀ ló wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tẹ́ ẹ bá fi lè pẹ́ dé ibi tẹ́ ẹ ti gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ jókòó sílé. Ẹ ò sọ fún mi. Èmi náà ò sọ fún yín."

Ó yẹ kí ojú tì mí. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. "Àdíját, ṣé o mọ nǹkan tó o ṣe? Mo ti sọ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pé mo rí ìràwọ̀ kẹta! Mo ti fún un lórúkọ! Ìwọ ni! Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀ látọjọ́ yìí!"

"Ìràwọ̀ wo jàre?"

Mo jókòó sórí àga oníbàárà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kámẹ́rà, àtẹ̀gùn, Mọ́ńdè, àti pé mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti aago àti èyí tó jẹ́ ti ìràwọ̀ mọ́, pé gbogbo rẹ̀ ti pò pọ̀, pé ọdún méje ti lọ. Ọkùnrin tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjánu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí àpò aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ó ní.

Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí jáde. Ó ṣí i sí ojú ewé kan. Mo rí orúkọ mi níbẹ̀: Bàbá Hamdalah, àyà méjìlélógójì, ìbàdí méjìdínlógójì, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́kànlélógójì. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà kan, lábẹ́ ìlà náà ni àwọn ọjọ́ wà. Ọjọ́ kẹta oṣù Ọkitóbà, méjì. Ọjọ́ keje oṣù Nòfẹ́ńbà, mẹ́rin. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Dìsẹ́ńbà, mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ó pé mẹ́sàn-án. Àná ni ìkẹyìn, méjìdínlógún.

"Kí ló dé tó o fi kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Èmi náà ò gbé inú ilé yìí ni? Tí mi ò bá kọ ọ́, báwo ni màá ṣe mọ aago tó lù gan-an? Oníbàárà mi ń bọ̀ láago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá wo?" Ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi. "Fóònù mi ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó sún un. Kò sí irọ́ níbẹ̀."

Mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tó sún un wà níbẹ̀, iye tó sún un wà níbẹ̀, ó sì mọ ohun tó fi díwọ̀n rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tèmi, tó kún àpótí kan, kò sí ojú ewé kan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ láti àárọ̀. Ó ń ka ọjọ́, mò ń yọ ìṣẹ́jú. Bí a ti ń yọ ọ́ ni àtẹ̀gùn ń wó lulẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ìràwọ̀ kẹta mi ti kú pátápátá, n kò tilẹ̀ rí i sin. Ohun tó kù síbẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó dúró: ìṣíjibò ńlá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú àkókò tí a retí rẹ̀, kékeré fi márùn-ún pẹ́. Ọ̀kan yá, èkejì falẹ̀. Ẹyin náà ń yí. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ariwo tèmi ló bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Àdíját. Ó wo àwòrán náà dáadáa.

"Ṣé wọ́n ń jà ni?"

"Rárá. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ló ń yí."

"Tó máa fi yí po délẹ̀ ńkọ́?"

"Á tó ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Sùúrù wọn mà pọ̀ o," ó ní, ó sì lọ gbé ìrẹsì kaná.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dìde pẹ̀lú iyì, mo dá aago bàbá mi padà sí àkókò tó tọ́. Mo pe Àdíját àti Hamdalah ọmọ wa wá síbẹ̀ kí wọ́n lè fojú rí i. Mo ní láti òní lọ, òótọ́ nìkan ni aago ilé yìí á máa sọ. Mo dá fóònù mi náà padà sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo sì pa á kí iná rẹ̀ má baà tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Ó dáa, Bàbá Hamdalah," ni Àdíját wí.

Aago mẹ́fà ni mo fẹ́ kúrò nílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo kírun, mo tún iṣẹ́ mi kà, mo wá bàtà, mo tún iṣẹ́ mi kà. Ìgbà tí mo máa wo ara ògiri, aago mẹ́fà ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo fò jáde pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Mo pariwo mọ́ oníkẹ̀kẹ́ dé Ìkòtún, mo pariwo mọ́ gbogbo awakọ̀ tó gbé mi lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì ráyè tan fóònù. Mo sáré gun àtẹ̀gùn yunifásítì náà, òógùn bò mí, mo ti ń ro ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá náà wà ní títì. Mo gbà pé wọ́n ti ṣe é tán, wọ́n ti yọ orúkọ mi, wọ́n ti lọ.

Dókítà Ọdẹ́tọ́lá yọ lẹ́yìn mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé mo pẹ́."

"Ẹ pẹ́ kẹ̀? Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

Mo tan fóònù. Òótọ́ ni. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró, mo tún un ṣírò. Aago mẹ́fà géérégé ni mo kúrò nílé. Mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ọwọ́ bojú. Dókítà rò pé ẹ̀rù ìdánwò ni, ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè fún wákàtí kan àbọ̀. Wọ́n ní kí n tún nǹkan mẹ́rin ṣe, wọ́n sì gbà á. Bàbá kan nínú wọn, tó ti Ìbàdàn wá, ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ó gbé ìka lé ẹ̀dà ojú ewé ìwé aránṣọ tí mo fi há ẹ̀yìn iṣẹ́ mi.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ìyàwó mi ni, sà."

"Ó dára ju tìẹ lọ."

"Mo mọ̀, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Aago náà ńkọ́? Ṣé o ti wá tún un ṣe báyìí?"

"Mo tún un ṣe lánàá, sà. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ó tún ti fi ogún ìṣẹ́jú yá."

"Ogún! O máa dá a padà tó o bá délé nìyẹn."

Mo ní rárá, sà. Mo ní fóònù ni màá máa wò fún kámẹ́rà, ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan aago yẹn mọ́ títí ayé mi.